Ẹni Tí Kọ̀ǹpútà Ní Yóò Wá

Mọ̀nsúrát ló ń tọ́jú fáìlì níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́, ilé ìwòsàn kékeré kan ní Addo, ní Ajah, tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tí àìsàn ọkàn ń bá jà. Èmi ni mò ń fún wọn lóògùn. Ojú àánú rẹ̀ pọ̀ jù, mo sì máa ń fi ṣe é ní yẹ̀yẹ́.

Òfin wa ni pé aláìsàn gbọ́dọ̀ wá fúnra rẹ̀ kó tó gboògùn. Ṣùgbọ́n ta ni yóò máa gbé bàbá tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú wá láti Lakowe lóṣooṣù? Ọmọ ni wọ́n máa ń rán. Mọ̀nsúrát á wo ọmọ náà, á tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà pé bàbá wá, èmi náà á ka oògùn fún un. A ò kà á sí irọ́.

Lọ́dún tó kọjá, Dókítà Ṣèyílọ́lá, ọ̀gá wa, fi àkọsílẹ̀ wa kọ́ kọ̀ǹpútà, kó lè máa sọ ẹni tí yóò wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ọ̀fìnkìn àti ẹni tí kò ní í wá. Ọ̀fìnkìn líle lè pa ẹni tí ọkàn rẹ̀ ò lágbára. Nọ́ọ̀sì méjì péré la ní, nítorí náà àwọn tí kọ̀ǹpútà bá ní wọn ò ní í wá nìkan ni wọ́n ń pè lórí fóònù; àwọn yòókù á gbọ́ tí wọ́n bá wá rí nọ́ọ̀sì.

Kọ̀ǹpútà ní Bàbá Ọláníyan, káfíńtà kan ní Lakowe, yóò wá dandan. Ṣebí oṣù mẹ́rìnlá ni wọ́n fi "wá" láìpa ọ̀kan jẹ. Ẹnikẹ́ni ò pè wọ́n. Nígbà òjò, ọ̀fìnkìn mú wọn, wọ́n sì kú lọ́jọ́ kẹsàn-án.

Tolúwani, ọmọ wọn, ló dá káàdì padà. Kò tilẹ̀ bínú. "Àǹtí Mọ̀nsúrát, ẹ ṣé gan-an tí ẹ máa ń help wa. Wọ́n ní abẹ́rẹ́ kan wà. A ò gbọ́ rárá."

Láti ọjọ́ náà ni ìbẹ̀rù ti wọ ara Mọ̀nsúrát. Ó ní òun ń rí ọkùnrin kan tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn aláìsàn, tí kò lójú. Báwo ni yóò ṣe lójú? Ìgbà mẹ́rìnlá ló kọ ọ́ pé bàbá yẹn wá, kò sì rí wọn rí.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ó wọlé tọ Dókítà lọ. "I'm sorry mà. Irọ́ ni mo ti ń tẹ̀ sínú system yẹn. Tí ẹ bá fẹ́ lé mi, ẹ lé mi." Mo tẹ̀ lé e wọlé, torí èmi náà jẹ̀bi.

Dókítà yí padà sí kọ̀ǹpútà rẹ̀. "Àwọn mélòó, Àǹtí?"

Ìwé tí àwọn tó ń gboògùn ń fọwọ́ sí lọ́dọ̀ mi la fi ṣe àtúnṣe. Ẹni mẹ́tàdínláàádọ́rin ni kì í wá fúnra wọn. Dókítà fi òótọ́ yẹn tún kọ́ kọ̀ǹpútà, a pe gbogbo wọn, ọ̀pọ̀ sì gba abẹ́rẹ́. Kò lé ẹnikẹ́ni.

Lọ́jọ́ tí a parí, Mọ̀nsúrát ò kúrò ní ọ́fíìsì Dókítà. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi fi orúkọ Bàbá Ọláníyan sínú kọ̀ǹpútà náà."

"Àǹtí, kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

Ó ṣáà ń bẹ̀ ẹ́. Dókítà fi orúkọ náà sí i, ó sì bọ́ sókè pátápátá, ṣáájú gbogbo orúkọ yòókù: kò ní í wá, ẹ tètè pè é. Mọ̀nsúrát ka nọ́ńbà fóònù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ síta, títí dé orí èyí tó kẹ́yìn, ó sì bú sẹ́kún.