Ìṣó Ẹ̀yìn Ilẹ̀kùn Bàbá Mi

Ọjọ́ tí dókítà wá béèrè ibi tí ìbọn bàbá mi ń sùn ni ọjọ́ tí n kò lè gbàgbé láyé mi. Obìnrin ni dókítà náà. Ó wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ìrẹsà wa, ó ń wádìí ohun tí a lè ṣe kí ìbọn má máa pa ọmọ ẹni nínú ilé.

“Ẹ kú ilé o, bàbá. Níbo ni ìbọn yín ń sùn?”

“Lórí ìṣó, lẹ́yìn ilẹ̀kùn.”

“Àwọn ọmọ ńkọ́?”

“Yàrá kan náà ni. Ṣùgbọ́n kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀, dókítà.”

Kí ó lè gbà á gbọ́, bàbá gbé ìbọn jáde, ó kọ ẹnu rẹ̀ sójú ọ̀run, ó sì yìn ín.

Gbàù!

Adìyẹ fọ́n ká. Àdùkẹ́ àbúrò mi, tó gbálẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn yẹn láàárọ̀, bú sẹ́kún. Bàbá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Dókítà kò pariwo lé e lórí. Ó jókòó tì í nínú erùpẹ̀.

“Bàbá mi, ohun tí gbogbo ọdẹ ń sọ fún mi náà lẹ sọ. Ìdí tí mo fi ń béèrè nìyẹn.”

Inú àpótí ni ìbọn wà báyìí, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà lọ́rùn bàbá. Ìṣó yẹn kò ṣófo: àpò ìwé Àdùkẹ́ ló wà níbẹ̀.