Wolé-wolé Ìkìrun àti Fọ́ọ̀mù Ìdílé

Ààlọ́ o.

Ààlọ̀.

Ẹ dáhùn dáadáa, àbí ẹ ò tíì jẹun ni?

Ààlọ̀ o.

Ààlọ́ tèmi kò bá Ìjàpá lọ lálẹ́ yìí. Ó ta gìrì, ó fò kọjá ilé Ìjàpá, ó lọ balẹ̀ sórí wolé-wolé kan ní Ìkìrun.

Dúródọlá ni wọ́n ń pè é. Òkúkù ni wọ́n bí i sí, ṣùgbọ́n Ìkìrun ló ti ṣe iṣẹ́ ìjọba fún ọdún márùndínlógójì. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè má mọ wolé-wolé. Òun ni òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń wọ ilé onílé lọ wò bóyá ó mọ́. Bó bá ti dé, á ṣí ìdérí àmù, á wo omi bóyá tanwíji wà níbẹ̀, á gba ẹ̀yìnkùlé lọ wo ṣáláńgá, lẹ́yìn náà ìbéèrè á bẹ̀rẹ̀. Ẹni mélòó ló ń sùn nínú yàrá yìí? Ta ló pọn omi yìí? Ìgbà wo lẹ fọ àmù kẹ́yìn? Láti Eko Ende títí dé Ìbà, àwọn ìlú tó yí Ìkìrun ká, kò sí ìyá tí kò tíì káwọ́ sẹ́yìn dá a lóhùn. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, iṣẹ́ fi í sílẹ̀, ìbéèrè kò fi í sílẹ̀. Bí ọmọ aládùúgbò bá gba iwájú ilé rẹ̀ kọjá, á bi í ní ibi tó ń lọ, ẹni tó rán an, àti ìdí tí wọn ò fi rán ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Ibì kan ṣoṣo ni Dúródọlá kò wọ̀ wò rí. Ilé ìdáná ìyàwó rẹ̀ ni.

Ìjọ tó ń lọ ti fi í ṣe díákónì. Pásítọ̀ wọn kéré lọ́jọ́ orí, Olúwadàmọ́lá lorúkọ rẹ̀, yunifásítì ló ti wá, irùngbọ̀n rẹ̀ kò tíì kún. Òun ló mú àṣà kan wá. Lọ́dọọdún, bí Sọ́ńdè Ìdílé bá ku ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n á pín fọ́ọ̀mù ìbéèrè fún àwọn tọkọtaya. Ọkọ á dáhùn nípa ìyàwó àti ẹbí ìyàwó, ìyàwó á dáhùn nípa ọkọ. Wọn ò gbọdọ̀ bi ara wọn, wọn ò gbọdọ̀ wo ti ara wọn. Lọ́jọ́ náà wọ́n á kà á sétí ìjọ, àwọn tí ìdáhùn wọn bá sì pé jù, fọ́tò wọn ni yóò wà láàárín kàlẹ́ńdà ìjọ lódindi ọdún tó ń bọ̀.

Kàlẹ́ńdà yìí ni Dúródọlá ń fẹ́. Ó ń fẹ́ ẹ bí ọmọdé ṣe ń fẹ́ àkàrà. Adéwálé bíríkìlà àti ìyàwó rẹ̀ ló gbà á lọ́dún tó kọjá, inú pálọ̀ Dúródọlá fúnra rẹ̀ sì ni kàlẹ́ńdà náà wà. Láràárọ̀ tó bá jí, eyín Adéwálé ló kọ́kọ́ ń rí. Gbogbo eyín náà. Bíríkìlà tí òun ti bá wí rí nítorí ṣáláńgá tí kò ní ìdérí.

"Lọ́dún yìí," ló wí fún ìyàwó rẹ̀, "àwa ni."

"Àwa kí ni?" ni Fọláfúnmi bi í.

"Àwa la máa wà nínú kàlẹ́ńdà."

"Ẹ kú ìmúra, Bàbá Dọ̀tun," ni ìyàwó wí, ó sì gba ilé ìdáná lọ.

Dúródọlá jókòó sídìí tábìlì, ó gbé awò sójú, ó tẹ báírò. Oúnjẹ wo ni ìyàwó rẹ fẹ́ràn jù? Ó ronú títí. Ọdún mẹ́rìndínlógójì ni obìnrin yìí ti ń gbé oúnjẹ ka iwájú rẹ̀, kò sì rántí pé òun rí i kó jẹ tirẹ̀ rí. Ó kọ iyán, torí iyán ni òun fẹ́ràn, obìnrin náà ló sì ń gún un. Ẹni tí kò bá fẹ́ràn nǹkan kò ní máa gún un tó bẹ́ẹ̀. Aago mélòó ni ìyàwó rẹ ń jí? Ó kọ aago mẹ́fà ààbọ̀, torí aago yẹn ni tíì máa ń dé orí tábìlì. Kí lo rántí nípa ọjọ́ ìgbéyàwó yín? Ó rántí bàtà tó wọ̀. Ó kọ nípa bàtà náà títí tó fi kún ẹ̀yìn ìwé. Kí ló ń ba ìyàwó rẹ nínú jẹ́? Ó kọ "Kò sí."

Nígbà tó dé ibi àwọn òbí ìyàwó, ara rẹ̀ balẹ̀, torí èyí dá a lójú. Bàbá Fọláfúnmi ti kú kí wọ́n tó ṣègbéyàwó. Ìyá rẹ̀ náà, wọ́n sin ín ní Inísà lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn. Ṣebí òun ló ra màlúù. Ṣebí òun rí i tí Fọláfúnmi sunkún, tó wọ aṣọ dúdú fún oṣù mẹ́ta, tí ìjọ sì wá bá wọn kẹ́dùn nílé. Ó kọ ọ́ gàdàgbà.

Ẹ wò ó, ní agbo ilé tí Fọláfúnmi ti wá, ìyàwó mẹ́fà ni bàbá rẹ̀ fẹ́. Ọmọ gbogbo wọn ni gbogbo ọmọ. Ìyá Ọmọ́dára, ìyálé pátápátá, ló tọ́ Fọláfúnmi, ọwọ́ rẹ̀ ló ti kọ́ ọbẹ̀ sísè. Ìyẹn ló kú. Fọláfúnmi sunkún rẹ̀ bí ọmọ ṣe ń sunkún ìyá, torí ìyá ni. Ó ròyìn gbogbo rẹ̀ fún ọkọ rẹ̀ nígbà yẹn, ṣùgbọ́n rédíò ń ka ìròyìn lọ́wọ́, Dúródọlá sì ń mi orí sí méjèèjì. Ìyá tó bí Fọláfúnmi gan-an, Ọ̀ṣunfúnkẹ́, olórìṣà tí ìlẹ̀kẹ̀ funfun kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀, ó wà nílé rẹ̀ ní Inísà, ó ń jẹ ẹ̀kọ rẹ̀ lọ. Oṣooṣù lọmọ rẹ̀ ń lọ wò ó. Dúródọlá rò pé gaàrí ló ń lọ rà.

Nígbà tó di ọjọ́ keje, ọkàn Dúródọlá kò balẹ̀. Ó fẹ́ rí ohun tí ìyàwó rẹ̀ kọ. Ó dúró di ìgbà tí Fọláfúnmi lọ sọ́jà, ó wọ ilé ìdáná. Kò mọ ibi tí wọ́n ti ń tan iná níbẹ̀, ó ń fọwọ́ pa ògiri káàkiri bí ẹni ń wá aláǹgbá. Ó ṣí ìkòkò, ó ṣí garawa. Nígbà tí Fọláfúnmi fi máa wọlé, orí ọkọ rẹ̀ wà nínú àmù.

"Bàbá Dọ̀tun, tanwíji lẹ ń wá ni?"

"Mò ń ṣe àyẹ̀wò."

"Ta ló rán yín? Ẹ ti fẹ̀yìn tì o. Fọ́ọ̀mù yẹn ò sí níbí, mo ti fún Pásítọ̀ lánàá."

"O ti parí ẹ̀?"

"Ìbéèrè nípa yín ò le," ni Fọláfúnmi wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún fún mi, mo fẹ́ gún iyán yín."

Sọ́ńdè Ìdílé dé. Fọláfúnmi ti jáde ní kùtù, ó ní òun fẹ́ lọ mú àlejò wá. Ọkọ rẹ̀ tó ń bi gbogbo ayé kò bi í pé àlejò wo. Ó wọ léèsì aláwọ̀ ojú ọ̀run, ó ní kí onífọ́tò ìjọ kọ́kọ́ ya òun nìkan wò, kí wọ́n lè mọ ẹ̀gbẹ́ ojú òun tó dára jù. Ó lọ jókòó níwájú, kò wẹ̀yìn. Ìyàwó rẹ̀ àti ìyá arúgbó kan tó di ọ̀pá mú wọlé, wọ́n jókòó ní ìlà kẹta. Àwọn ìyá ìjọ rí ìlẹ̀kẹ̀ funfun, wọ́n sún jìnnà. Ìyá náà dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn pé wọ́n fún òun láyè.

Ti Fọláfúnmi ni Pásítọ̀ kọ́kọ́ kà. Ọkọ mi kì í jẹ ilá tí kò bá fà. Orúnkún òsì ló máa ń dùn ún bí òjò bá fẹ́ rọ̀. Ó ń bẹ̀rù èkúté. Nígbà tí bàbá rẹ̀ kú ní Òkúkù, kò sunkún lójú èèyàn, ó wọ balùwẹ̀, ó ṣí omi sílẹ̀, ó sunkún níbẹ̀. Ìjọ rẹ́rìn-ín èkúté, ẹ̀rín náà kò dé balùwẹ̀.

"Bàbá Díákónì, ṣé òótọ́ ni?"

"Òótọ́ ni," ni Dúródọlá wí, ohùn rẹ̀ kéré. Kò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni gbọ́ lọ́jọ́ náà.

"Ó yá, ti Bàbá. Ohun tó kọ rèé: Iyán ni ìyàwó mi fẹ́ràn jù. Màmá Dọ̀tun ńkọ́?"

"Mi ò jẹ iyán mọ́ láti ìgbà tí mo ti bí Dọ̀tun, Pásítọ̀. Ó máa ń wú mi nínú. Ẹ̀kọ ni mò ń jẹ."

"Aago mẹ́fà ààbọ̀ ló ń jí."

"Aago mẹ́rin."

Pásítọ̀ fo ọ̀rọ̀ bàtà. Ó wá kà á pé, "Ìyá ìyàwó mi ti di olóògbé lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn ní Inísà. Èmi ni mo ra màlúù, mo sì sin ín tẹ̀yẹtẹ̀yẹ."

Ìjọ ń mi orí sí i. Etí ìyá tó wà ní ìlà kẹta kò ṣí tó tàtijọ́ mọ́, ó tẹ̀ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀.

"Kí ni wọ́n ló ṣe mí?"

"Wọ́n ní ẹ ti kú, màmá."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Bàbá Dọ̀tun."

Ọ̀ṣunfúnkẹ́ fi ọ̀pá tilẹ̀, ó dìde. Kò bínú. "Ọkọ ọmọ mi, mo jẹ nínú màlúù yẹn o. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n gé fún mi. Ká ní mo mọ̀ pé tèmi ni, ǹ bá bèèrè ibi tó lẹ́ran."

Ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ ẹ̀rín lẹ́yìn, ó di ti gbogbo ìjọ. Adéwálé bíríkìlà fi ìwé orin bo ẹnu, ìwé orin kò bò ó tán. Dúródọlá yíjú padà, ojú rẹ̀ ṣe mẹ́rin pẹ̀lú ti ìyá náà, ó sì mọ ojú yẹn. Ìyá yìí ni òun fúnra rẹ̀ kí ní "ẹ kú ará fẹ́ra kù" lọ́jọ́ ìsìnkú, kó tó kọjá lọ wá àga tó dára. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja láàárín ìjọ, tòun ti léèsì.

"Dìde," ni ìyá náà wí. "O kí mi lọ́jọ́sí, mo sì dáhùn. Mi ò mọ̀ pé ikú ara mi lo wá kí mi sí. Ìgbà wo lo ń bọ̀ ní Inísà?"

"Lọ́sẹ̀ yìí, màmá."

"Mo ṣì wà níbẹ̀."

Pásítọ̀ àti àwọn alàgbà forí korí. Wọ́n ní kò sí ẹni tó gba gbogbo ẹ̀ rí, àfi Fọláfúnmi. Nínú ti ọkọ rẹ̀, ọ̀kan ṣoṣo ló gbà: orúkọ ara rẹ̀. Fọláfúnmi ní bó bá jẹ́ òun lòun gbà á, kí wọ́n ya òun àti ìyá òun. Wọ́n gbé àga méjì sábẹ́ igi máńgòrò. Ìyá náà jókòó, ó tún ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ ṣe kó lè hàn. Pásítọ̀ la ẹnu láti sọ̀rọ̀ lórí ìlẹ̀kẹ̀, ó tún pa á dé. Dúródọlá lọ dúró lẹ́yìn àga, ó na ọrùn, ó gbé fìlà síbi tó yẹ.

Onífọ́tò gbójú sókè. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa sún. Òjìji yín ń bọ́ sójú màmá."

Ó sún.

"Díẹ̀ sí i, sà."

Ó sún títí tó fi kúrò lábẹ́ igi. Fọláfúnmi na àpò ìyá rẹ̀ sí i pé kó bá àwọn dì í mú. Ó gbà á, ó wúwo. Ó fẹ́ bèèrè ohun tó wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò gbé e.

Ibẹ̀ ni tèmi dúró sí. Ìwọ, mo rí ọwọ́ rẹ lókè, sọ ọ́ kalẹ̀, kò sí ìbéèrè lálẹ́ yìí. Ẹni tó bá fẹ́ tọ̀ kó lọ tọ̀. Ẹ ká ẹní yẹn, ẹ gba inú ilé lọ sùn, kí n má sì gbọ́ ẹ̀rín nínú yàrá.