Ọjọ́ Tí Ìyàwó Mi Tukọ̀ fún Ẹlòmíràn

Inú ìyanṣẹ́lódì ni a wà lọ́dún náà. Gbogbo àwa tí à ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì yunifásítì ti wà nílé láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀, oṣù Ọ́gọ́ọ̀sì sì bá wa níbẹ̀. Èmi ń ka ìwé ìròyìn àtijọ́ nínú fulátì wa ní Ẹ́sítéètì Ìbà, ìyàwó mi ń ránṣọ fún àwọn aládùúgbò, ọmọbìnrin wa kan ṣoṣo ń yọ wá lẹ́nu. Bí ayé ṣe rí nìyẹn kí ọkùnrin kan tó kanlẹ̀kùn.

Ó gbé ẹja ọ̀bọ̀kún tútù dání, ó fi ewé dì wọ́n. Ó ga, apá rẹ̀ le, ó sì ti ń rẹ́rìn-ín kí ẹnikẹ́ni tó sọ ohun tó pa á lẹ́rìn-ín. Ọmọ ìlú ìyàwó mi ni, láti ilẹ̀ Ìlàjẹ, wọ́n jọ dàgbà létí omi níbẹ̀ ni. Ó ti kó wá sí ìlú kékeré kan lódìkejì omi Ọ̀jọ́, ó ń pẹja níbẹ̀, òun àti ìyàwó mi sì ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé lọ́jà Ọ̀jọ́ lọ́sẹ̀ tó ṣáájú. Ó dọ̀bálẹ̀ fún mi, ó ń pè mí ní "àna wa". Lẹ́yìn náà ó yíjú sí ìyàwó mi, ó fi orúkọ kan pè é tí mi ò gbọ́ rí láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n. Ìyàwó mi sì jẹ́ ẹ. Ọdún mẹ́fà ni mo ti fẹ́ obìnrin yìí sílé, mo rò pé gbogbo orúkọ rẹ̀ ni mo mọ̀.

Ohun tó bá wá ni pé wọ́n fẹ́ ṣe ìdíje ẹja pípa nílùú tó ń gbé. Ọdọọdún ni wọ́n ń ṣe é, nígbà tí ọ̀bọ̀kún bá pọ̀ lómi. Èèyàn méjì ló ń wọ ọkọ̀ kan. Ẹnì kan á dúró níwájú, á máa ju àwọ̀n; ẹnì kejì á jókòó sẹ́yìn, á máa tukọ̀. Àbúrò rẹ̀ tó máa ń tukọ̀ fún un ti lọ sílé, kò sì fẹ́ gbé ẹni tí kò mọwọ́ òun. Ó ní bí àna òun bá lè yọ̀ǹda, kí ìyàwó mi wá bá òun tù ú lọ́jọ́ kan yẹn péré.

"Òun kẹ̀?" Mo wo ìyàwó mi. Obìnrin tí mo mọ̀ mọ́ ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ ni mò ń wò.

"Dádì, mo mọ̀ ọ́n ṣe o," ló sọ. Ojú rẹ̀ ti yàtọ̀. "Ẹ jẹ́ ká jọ lọ. Ẹ ò kúkú ṣe nǹkan kan nílé."

Òótọ́ ni, ìyẹn gan-an ló dùn mí. Mo ní kò burú. Ọkùnrin wo ló máa sọ níwájú àlejò pé òun ń jowú? Ṣùgbọ́n mò ń jowú. Mo jẹ nínú ọ̀bọ̀kún yẹn nígbà tó jiná, ó dùn, inú sì bí mi pé ó dùn.

Nígbà tí ọjọ́ pé, a fi ọmọ sọ́dọ̀ aládùúgbò, a wọ bọ́ọ̀sì dé Ọ̀jọ́, a sì bá ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì sọdá. Èkìtì ni mí. Odò tí mo mọ̀ nígbà èwe mi kò kọjá orókùn. Mo di ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ mú ṣinṣin, mò ń gbàdúrà. Ìyàwó mi na ọwọ́ sínú omi bí a ṣe ń lọ, ó ń fi ṣeré.

Èrò ti kún etí omi nígbà tí a débẹ̀. Wọ́n ti so ẹ̀bùn ẹni tó bá gbégbá orókè mọ́ igi àgbọn: àgbò ńlá kan tí wọ́n rà wá láti ọjà Alábà Rágó, tó ń wo omi bí ẹni tí wọ́n fipá mú wá. Èmi àti àgbò yẹn nìkan ni ọ̀rọ̀ wa jọra níbẹ̀. Wọ́n fún mi ní àga, wọ́n fún mi ní mínírà. Ìyàwó mi bọ́ bàtà, ó kó o lé mi lọ́wọ́, ó so ìró rẹ̀ dáadáa, ó bọ́ sínú ọkọ̀. Kò wẹ̀yìn.

Wọn kì í sọ̀rọ̀ nínú ọkọ̀ níbi ìdíje yẹn, kí ẹja má baà sá. Ẹni tó ń ju àwọ̀n kì í sì í wẹ̀yìn, omi ló ń wò. Gìgísẹ̀ ló fi ń bá ẹni tó ń tukọ̀ sọ̀rọ̀. Á fi kan ilẹ̀ ọkọ̀, ẹni ẹ̀yìn á gbọ́ ọ lára igi tó jókòó lé, á mọ̀ bóyá ọ̀tún ni tàbí òsì, tàbí kí òun dúró. Àgbàlagbà kan tó jókòó tì mí ló ṣàlàyé rẹ̀. Ì bá sàn kó má sọ ọ́. Láti ìgbà tó ti là mí lóye, ẹsẹ̀ ọkùnrin yẹn nìkan ni mò ń wò. Á gbé gìgísẹ̀ díẹ̀, ìyàwó mi á ti yí ọkọ̀. Á tún gbé e, ìyàwó mi á dúró jẹ́ẹ́, àwọ̀n á fò, á sì tẹ́ sórí omi. Wọn ò ṣì í lẹ́ẹ̀kan. Nílé mi, n ó pe obìnrin yìí láti pálọ̀ títí ohùn mi á fi há kó tó dáhùn ní kíṣìnnì! Ẹnì kan wá ń fi gìgísẹ̀ pè é, ó ń jẹ́.

"Ìyàwó yín mọ ọkọ̀ ọ́ tù o," àgbàlagbà náà sọ. "Ó jọ pé àwọn méjèèjì ti ń bá a bọ̀ tipẹ́."

"Ọmọ ìlú kan náà ni wọ́n," mo dá a lóhùn. Mo gbé mínírà mi sílẹ̀, mo tún ń wo gìgísẹ̀ ọkùnrin náà.

Lọ́sàn-án, òjò dé. Àwọn ọkọ̀ tó wà nítòsí sáré wá sébùúté, mò ń wo ojú àwọn tó wà nínú wọn. Tèmi ò sí níbẹ̀. Òjò náà bo omi débi pé mi ò rí ju iwájú mi lọ. Mo bi àgbàlagbà náà léèrè, ó ní kí n fọkàn balẹ̀, pé àwọn tó bá jìnnà máa ń yà sábẹ́ àwọn igi etí omi títí òjò á fi dá.

"Sábẹ́ igi? Àwọn méjèèjì?"

Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín. "Ọ̀gá, ẹja ni wọ́n lọ pa."

Kò síbi tí ọkàn mi ò dé. Bí mo bá fojú inú rí wọn lábẹ́ igi, tí wọ́n ń fi èdè ìlú wọn pa ara wọn lẹ́rìn-ín, inú mi á ru. Bí mo bá tún rí ọkọ̀ tó dojú dé, n ó gbàgbé owú, n ó máa pe Ọlọ́run. Kò ní pẹ́ tí owú á tún padà. Mo jáde sínú òjò, bàtà ìyàwó mi lọ́wọ́, mo rìn wọnú omi títí ó fi mù mí dé orókùn, bẹ́ẹ̀ mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀. Àwọn obìnrin tó ń yan ẹja lábẹ́ àtíbàbà ń pè mí padà, wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mo dúró síbẹ̀.

Nígbà tí òjò fúyẹ́, mo rí wọn. Wọ́n rọra ń bọ̀, ẹja ti jẹ́ kí ọkọ̀ náà wúwo. Ìyàwó mi rin gbindin, ó ń rẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín tí mi ò rí lẹ́nu rẹ̀ rí ní Ìbà. Ipò kejì ni wọ́n ṣe. Wọ́n fa àgbò lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, inú mi sì dùn ju ti ẹni tó gbà á lọ.

A délé, ó wọ kíṣìnnì, ó ń yọ ìfun ẹja tí wọ́n pín fún un. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Ṣé ọkùnrin yẹn ti fẹ́ fẹ́ ẹ rí?"

Kò díbọ́n. "Ó fẹ́ fẹ́ mi. Ó ti bá ìyá mi sọ̀rọ̀ kẹ́ ẹ tó dé."

"Kí ló wá dé?"

Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. "Ṣé ẹ rí bẹ́ ẹ ṣe dúró sínú omi lónìí? Mo rí yín láti òkèèrè. Bí ìyá mi ṣe máa ń dúró de bàbá mi nìyẹn tí ìjì bá ń jà, títí dọjọ́ tí bàbá mi ò padà wá mọ́. Mo wo ọkùnrin yẹn, mo ní rárá o. Mi ò lè máa dúró dè é bẹ́ẹ̀. Èmi ni n ó kọ́kọ́ kú."

"Èmi wá ńkọ́?"

"Ẹ̀yin?" Ó rẹ́rìn-ín, ó fi ìgúnpá gbún mi torí ẹ̀jẹ̀ ẹja wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹ̀yin ń lọ sọ́fíìsì, ẹ ó sì dé tó bá dìrọ̀lẹ́. Ọkàn mi balẹ̀ lórí yín. Ohun tí mo tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run nìyẹn."

Ó rò pé òun ti tù mí nínú. Bóyá ọ̀rọ̀ náà ì bá tẹ́ ọkọ mìíràn lọ́rùn. Èmi ti rò ó síwá sẹ́yìn kí ẹja tó jiná. Ọkùnrin kan wà tí ẹ̀rù pé omi lè gbé e lọ ba ìyàwó mi débi pé ó sá fún un. Òmíràn wà tí ẹ̀rù kankan kò bà á lórí rẹ̀, òun ló wá fẹ́.

Nígbà tí ìyanṣẹ́lódì parí, mo padà sẹ́nu iṣẹ́. Lọ́jọ́ kan nínú ọ̀sẹ̀ yẹn, mo sọ̀ kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ẹ́sítéètì nírọ̀lẹ́ bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n mi ò wọlé. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì obìnrin kan tó ń ta búrẹ́dì, mò ń wo ọ̀nà ilé wa. Ilẹ̀ ṣú. Iná àwọn fulátì tàn, tiwa náà tàn. Mò ń retí kí ẹnì kan yọjú ní fèrèsé, tàbí kó jáde síta, kó wo ọ̀tún, kó wo òsì. Oníbúrẹ́dì palẹ̀ ọjà rẹ̀ mọ́, ó gba bẹ́ǹṣì rẹ̀ lọ́wọ́ mi. Mo tún wà lórí ìdúró fún ìgbà díẹ̀.

Nígbà tí mo ṣílẹ̀kùn, oúnjẹ mi wà lórí tábìlì, ó ti fi àwo dé e. Òun fúnra rẹ̀ jókòó nílẹ̀ pálọ̀, ó ń dirun fún ọmọ wa.

"Ẹ káàbọ̀, Dádì," ló sọ, kò gbójú sókè. "Oúnjẹ yín ti tutù, ẹ bá mi gbé e kaná."

Kò bi mí pé níbo ni mo ti ń bọ̀.