Ìwé Àyẹ̀wò Tí Bọ̀ọ̀dá Mi Rà

Òórùn sànítáísà kì í jẹ́ kí ara mi balẹ̀ títí dòní. Bí ẹnì kan bá ti tú u sọ́wọ́ nítòsí mi, inú á ti máa bí mi kí n tó rántí ohun tó ń bí mi nínú. Ọdún Kòrónà ló ń padà bá mi bẹ́ẹ̀, ọdún tí bàbá wa kú ní Ẹdẹ, tí èmi wà ní Àbújá.

Kì í ṣe Kòrónà ló pa bàbá. Ọjọ́ ogbó ni. Wọ́n kírun àsùbáà tán, wọ́n ní kí màmá bu omi wá, kí omi tó dé, wọ́n ti lọ. Kí oòrùn tó kan àtàrí, wọ́n ti sin wọ́n gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn wa ṣe là á sílẹ̀. Ó wá ku àdúà ọjọ́ kẹjọ, tí gbogbo ọmọ gbọ́dọ̀ pé sí.

Ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ gba bàálù láyè láti máa fò padà ni. Tíṣà iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí, iléèwé sì wà ní títì, nítorí náà mi ò lè fi iṣẹ́ ṣàwáwí. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi rò ó. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín o, ẹni tó ń fi ọṣẹ fọ ọsàn kó tó bó o ni mí nígbà yẹn. Mo ro ti ìlà gígùn tí a máa tò ní pápákọ̀, mo ro ti ẹni tí yóò jókòó tì mí, tí ìgbọ̀nwọ́ wa á máa kanra, tí yóò fa ìbòmú rẹ̀ sí àgbọ̀n kó lè rí omi mu. Mo ro ti mọ́tò tí mo tún máa wọ̀ láti Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ikú tèmi gan-an ló ń dẹ́rù bà mí. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ọkùnrin tó ń gbé yàrá kejì sí tèmi lọ síbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tó lárùn náà. Ìdí ẹ̀rọ kan náà làwa méjèèjì ti ń pọn omi. Èmi alára ti ń wúkọ́ díẹ̀díẹ̀, màmá mi sì ní ìtọ̀ ṣúgà. Bí mo bá wọ bàálù, kí ni mò ń gbé bọ̀ fún wọn?

Mo pe màmá, mo ní mi ò ní lè wá. "Ó dáa," ni wọ́n wí. "Ṣàdúà níbi tó o wà." Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, olórí ẹbí, kò gbà á bẹ́ẹ̀. Wọ́n pariwo mọ́ mi lórí fóònù: "Ṣé ìwọ nìkan lo ní ẹ̀mí ni? Ta ló sọ fún ẹ pé àrùn àwọn olówó wà ní Ẹdẹ?"

Bọ̀ọ̀dá mi, àkọ́bí bàbá wa, wà nílùú òyìnbó. Mi ò ní pè é ní "wọ́n" nínú ìtàn yìí. Ẹni tó bá ní mi ò lẹ́kọ̀ọ́ kò jayò pa. Ó pè mí lọ́jọ́ tó ku ọ̀la kó gbéra.

"Ṣé ẹ ti ṣàyẹ̀wò?" mo bi í.

Ó rẹ́rìn-ín. "Ìwé ni wọ́n ń béèrè, wọn ò béèrè àyẹ̀wò. Mo ti rí ẹni tó bá mi tẹ̀ ẹ́. Ó ti gbowó rẹ̀."

"Ohùn yín ti há."

"Ọ̀fìnkìn lásán ni. Má lọ dẹ́rù ba màmá o."

Mo dákẹ́. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé tẹlòmíràn náà lè bá a dákẹ́. Mo ní àgbà ni, mo ní àbúrò kì í tú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fó. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbé fóònù láti pe màmá, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbé e sílẹ̀. Ẹ̀kọ́ ilé ni mo pe ìyẹn.

Wọ́n fi fídíò àdúà ránṣẹ́ sí mi. Bọ̀ọ̀dá wọ agbádá funfun, kò lo ìbòmú, ó ń dì mọ́ gbogbo èèyàn, wọ́n ń pariwo pé ọmọ gidi rèé. Ìyá Alájùẹ, àbúrò màmá mi tó ti oko wọn ní Alájùẹ wá láti dáná, gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀. Ó tọ́ ọ wò, ó ní ọbẹ̀ ò níyọ̀. Ìyá Alájùẹ gba ṣíbí lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n fi ṣíbí yẹn kan náà tọ́ ọbẹ̀ wò, wọ́n bú sẹ́rìn-ín: "Iyọ̀ wà níbẹ̀ o! Ahọ́n òyìnbó ló ń dà ẹ́ láàmú."

Tíṣà tó ti gbọ́ lórí rédíò pé àrùn náà ń gba adùn lẹ́nu èèyàn ni mí. Mo pe Bọ̀ọ̀dá, kò gbé e. Mi ò pe màmá.

Ó padà lọ ní ọjọ́ kejì. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí màmá dùbúlẹ̀. Ibà ni wọ́n kọ́kọ́ pè é. Nígbà tí èémí ò já gaara mọ́, wọ́n gbé wọn lọ sí ọsibítù ní Òṣogbo, wọ́n fi ẹ̀rọ sí wọn nímú, Ọlọ́run yọ wọ́n. Ìyá Alájùẹ ti gbé ikọ́ tiwọn padà sóko, wọn ò fẹ́ yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Orí ọ̀kadà tó ń gbé wọn bọ̀ ní Ẹdẹ ni wọ́n dákẹ́ sí.

"Kádàrá ni," Bọ̀ọ̀dá wí lórí fóònù. "Ọlọ́run ló mọ̀."

"Ẹ má fi Ọlọ́run bora!" mo pariwo. "Ìwé tí ẹ rà ńkọ́?"

Ó pa fóònù. Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn lè ti kó o ràn wọ́n. Ọjà ò tì, kò sì sẹ́ni tó ṣàyẹ̀wò fún Ìyá Alájùẹ. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Inú ṣì ń bí mi.

Nígbà tí mo padà wálé, tí màmá ti lè jókòó síta, mo sọ gbogbo ẹ̀ fún wọn. Ẹ̀gúsí ni wọ́n ń pa, ọwọ́ wọn ò dúró.

"O mọ̀ kó tó wọ bàálù?"

"Mo mọ̀, mà."

"Òun purọ́ nítorí kó lè dé ibi tó ń lọ. Ìwọ ńkọ́, níbo lò ń lọ tó o fi dákẹ́?"

Mo fa igbá ẹ̀gúsí mọ́ra, mo ń bá wọn pa á.

Ó ti tó ọdún mélòó kan báyìí. Bọ̀ọ̀dá ṣì ń wálé, wọ́n ṣì ń gbé àga ńlá fún un, èmi náà ṣì ń kúnlẹ̀ kí i. Ṣùgbọ́n lọ́dún tó kọjá, ọmọbìnrin Ìyá Alájùẹ bi mí pé kí ló pa ìyá òun gan-an. Mo sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mi ò yọ ara mi sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní mo fẹ́ tú ẹbí ká. Mi ò bẹ̀bẹ̀.

Ọmọ náà ò bú mi. Ó nu ojú rẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣé tí ẹ sọ fún mi, Àǹtí." Nínú gbogbo ohun tí wọ́n ti sọ sí mi látìgbà yẹn, ọpẹ́ yẹn ló dùn mí jù.