Sítóòfù tí wọ́n fi wá tọrọ ọmọ mi

Mo lé ẹni tó fẹ́ di àna mi lónìí, ọkàn mi sì balẹ̀.

Ọmọkùnrin tó ń fẹ́ Ṣadé ọmọ mi gbé sítóòfù oníná mànàmáná wá fún mi ní Lálúpọn. Ó ní, "Bàbá, ẹ jáwọ́ nínú gáàsì rírà. Owó iná kò tó o rárá."

Ó ń kọ́ èmi tí mo fi gàrí kọ́ ilé méjì!

A gbé ẹ̀wà lé e. Kò tíì hó dáadáa tí mítà ti ń ké pé owó ń tán lọ.

Mo ní, "Ṣé bí tiyín náà ṣe ń ké nìyí?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Rárá o, bàbá. Àwa ti fa wáyà gba ẹ̀yìn mítà."

Háà! Ìṣirò olè!

"Gbé ẹrù rẹ. Ọmọ mi kò ní dáná nílé olè."

Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Mo ní kó dìde, ilẹ̀ ilé mi kì í ṣe ẹní rẹ̀.

Orí gáàsì lẹ̀wà náà ti jinná. Ẹkún kò jẹ́ kí Ṣadé jẹ. Mo jẹ tiẹ̀ mọ́ tèmi.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ́mọbìnrin nílé, èwo nínú yín ló máa fọmọ fún un? Ẹ dáhùn.