Ọjọ́ tí Àgbàrá Ya Wọ Ilé Ìdáná Wa

Ọjọ́ tí àgbàrá fẹ́ gbé ìyá mi lọ ní Ìlárá Rẹ́mọ kò lè kúrò lọ́kàn mi láéláé. Ìwé márùn-ún ni mo wà nígbà náà.

Bàbá mi ti gé gbogbo igi obì orí òkè ẹ̀yìn ilé wa, ó sì ro ibẹ̀ mọ́ féfé láti gbin ẹ̀gẹ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí ilẹ̀ tirẹ̀ bá ilé ìdáná wa pààlà, kò gé igi kankan.

Ní ọ̀sán Sátidé kan, ìyá mi ń se ìkọ́kọrẹ́ nígbà tí òjò ńlá dé. Láìpẹ́, omi pupa ya wá láti orí òkè, ó ń wọ́ ebè àti ẹ̀gẹ́ bọ̀. Ó gbẹ́ ilẹ̀ tó wà láàárín ilé àti ilé ìdáná di kòtò. Ògiri kan wó. Mo fẹ́ sáré lọ bá ìyá mi.

“Má wá síbí, Bọ́sẹ̀,” ni ó wí. “Ilẹ̀ ti ń ya lábẹ́ ẹsẹ̀ mi.”

Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀ pẹ̀sẹ̀. Ìyẹn gan-an ló dẹ́rù bà mí jù.

Bàbá mi gba abẹ́ igi obì ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yí ká, níbi tí omi ti ń rọra ṣàn láàárín koríko àti ewé gbígbẹ. Ó fi apá kan gbá igi mọ́ra, ó sì na èkejì.

“Di ọwọ́ mi mú, ìyá Bọ́sẹ̀.”

Bí ó ṣe fà á jáde ni ilé ìdáná ya lulẹ̀, tí àgbàrá sì gbá a lọ.

Nígbà tí òjò dá, bàbá mi dúró lórí òkè, ó ń wo kòtò tó jìn jù ú lọ. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í gbin igi obì padà. Ìyá mi bá a gbìn ín, ṣùgbọ́n kò dáná lẹ́yìn ilé mọ́.