Èmi Ni Mo Ya Bàtà Náà

Fótò kíákíá ni mo ń yà jẹun, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní wéètì-áńdì-gẹ́tì. Ṣọ́ọ̀bù mi wà ní Ìyànà Ìbà, lápá ibi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì máa ń gbà kọjá, wọn a sì sáré wọlé tọ̀ mí wá nígbà tó bá ku díẹ̀ kí wọ́n ti fọ́ọ̀mù kan pa. "Ẹ jókòó dáadáa. Ẹ gbé àgbọ̀n sókè díẹ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín." Ó ti lé ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí mo ti ń sọ ọ́. "Àǹtí Fótò" ni wọ́n ń pè mí, bí ẹni pé èmi gan-an ni wọ́n fẹ́ fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ fọ́ọ̀mù. Kò sẹ́ni tó pè mí ní ayàwòrán rí, inú sì máa ń bí mi sí i.

Inú ń bí mi nítorí mo mọ ohun tí mo ní nílé. Ó pẹ́ tí mo ti ń ya àwọn àwòrán kan tí ẹnikẹ́ni kò bẹ̀ mí níṣẹ́ rẹ̀: bàtà lẹ́nu ọ̀nà. Lọ́jọ́ Ìsinmi, mo máa ń ya àwọn bàtà tí àwọn ọmọ ìjọ aláṣọ funfun bọ́ sílẹ̀ ní Òkokomáíkò. Lọ́jọ́ Jímọ̀, mo máa ń lọ sí ẹnu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí kan ní Ọ̀jọ́. Bí mo bá sì ń ti ṣọ́ọ̀bù bọ̀, mo máa ń gba inú ẹ́sítéètì Ìbà kọjá, kí n lè wo ẹnu ọ̀nà àwọn ará ibẹ̀. Bàtà máa ń tú àṣírí olówó rẹ̀. Ti ẹni tó ń kánjú máa ń fẹ́yìn lélẹ̀, ti àlejò tí kò fẹ́ pẹ́ máa ń kọjú sí títì. Dúdú àti funfun ni mo máa ń tẹ̀ wọ́n, nítorí ariwo àwọ̀ bàtà ti pọ̀ jù.

Lọ́dún kan, akẹ́kọ̀ọ́ kan tó wá ya pásípọ́ọ̀tù fi ìkéde kan hàn mí lórí fóònù rẹ̀. Ilé àfihàn àwòrán kan ní Erékùṣù Èkó ń wá àwọn tí ẹnikẹ́ni kò tíì gbé iṣẹ́ wọn hàn rí. Àwòrán mẹ́wàá ni wọ́n fẹ́, kí èèyàn sì fi Gẹ̀ẹ́sì ṣàpèjúwe ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo ní kò sí wàhálà, n ó kọ ọ́ pé èmi ni mo "snap" gbogbo wọn. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. Ó ní Gẹ̀ẹ́sì ìgboro nìyẹn, pé bí àwọn ará ibẹ̀ bá rí i, wọn ò ní ka ìlà kejì. Ẹ̀rín yẹn dùn mí wọra, ṣùgbọ́n òun náà ló gún mi ní kẹ́ṣẹ́. Mo ní tí Gẹ̀ẹ́sì bá jẹ́ ilẹ̀kùn, n ó kàn án títí wọn yóò fi ṣí i.

Mo ra ìwé atúmọ̀ èdè àlòkù kan, Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá àti Yorùbá sí Gẹ̀ẹ́sì, tí èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ ti já. Fótò tó bàjẹ́ kì í wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù mi, ti àwọn tó ṣẹ́jú tàbí tó sín. Ẹ̀yìn wọn ni mo ń kọ àwọn ọ̀rọ̀ náà sí, ọ̀kan lójúmọ́, tí mo sì ń fi pẹ́ẹ̀gì ìsáṣọ so wọ́n kọ́ sórí okùn: "shadow", "blur", "close-up", "foreground". Bí mo bá ń dúró de ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, n ó máa kà wọ́n sókè. Àwọn oníbàárà rò pé mò ń gbàdúrà.

"Background" ló kọ́kọ́ fún mi níṣòro. Nínú iṣẹ́ tiwa, bàgírándì ni aṣọ tí a ta sẹ́yìn oníbàárà, funfun fún pásípọ́ọ̀tù, pupa fún àwọn iléeṣẹ́ kan. Nítorí náà, nígbà tí fọ́ọ̀mù ní kí n sọ ohun tó wà ní bàgírándì àwòrán mi, mo kọ ọ́ pé kò sí, nítorí mi ò ta aṣọ kankan. Ó tó ọjọ́ mẹ́ta kó tó yé mi pé ògiri tó ti sán, aṣọ tí wọ́n sá, kẹ́ẹ̀gì omi tó wà lẹ́yìn bàtà, bàgírándì ni gbogbo wọn. Mo pa ohun tí mo kọ rẹ́, mo sì bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Inú mi dùn gan-an lọ́jọ́ náà. Láti ìgbà yẹn, bí mo bá ń bá èèyàn sọ̀rọ̀, mo máa ń wo ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ìṣe náà gan-an. Akẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ yẹn ti ní kí n kọ "took". Mo yẹ̀ ẹ́ wò: mú, gbé, gbà. Mo ní rárá o. Ẹni tó bá mú bàtà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, olè ni. Mo wá ṣí apá Yorùbá, mo sì wá ọ̀rọ̀ náà "yà" níbẹ̀. Kedere ni wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀: "draw". Ọkàn mi balẹ̀. Ìgbà mẹ́wàá ni mo kọ "I drew this picture with my own hand", kí wọ́n má baà rò pé ọmọṣẹ́ ni mo rán.

Èyí tó jẹ mí lógún jù nínú wọn ni ìkeje. Sálúbàtà ọkùnrin kan ni, lẹ́nu ọ̀nà ìsàlẹ̀ ní ẹ́sítéètì Ìbà, ọ̀kan kọjú sí ilé, èkejì kọjú sí títì. Mo ṣàpèjúwe òjìji wọn àti ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá, mo sì fi ìlà kan parí rẹ̀: "The owner is at home, resting." Ẹni tó ni ín wà nílé, ó ń sinmi.

Lẹ́tà wọn dé lẹ́yìn oṣù méjì. Wọ́n gbà mí. Mo jó yí ṣọ́ọ̀bù ká, oníbàárà tó jókòó náà sì rẹ́rìn-ín, fótò rẹ̀ bàjẹ́. Nígbà tí mo wá fara balẹ̀ ka lẹ́tà náà, mo rí i pé wọ́n ń yin ọwọ́ mi àti sùúrù mi, wọ́n sì kọ "graphite" síwájú orúkọ mi. Mo ṣí ìwé mi: ohun dúdú tó wà nínú pẹ́ńsùlù. Ìgbà yẹn ló tó yé mi. Àwọn ọ̀dọ́ kan wà lóde òní tí wọ́n ń fi pẹ́ńsùlù ya ojú èèyàn títí o ó fi rò pé kámẹ́rà ni. Àwọn ará Erékùṣù ti kà mí mọ́ wọn.

Mo fi lẹ́tà náà han ọkùnrin tó ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó ní kí n dákẹ́, ṣé èmi ni mo sọ pé pẹ́ńsùlù ni? Ká fi gíláàsì bò ó, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Kí n má purọ́, ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi rò ó. Ohun tó yí ọkàn mi padà ni pé bí wọ́n bá yìn mí lábẹ́ pẹ́ńsùlù, iṣẹ́ ẹlòmíràn ni wọ́n yìn. Iṣẹ́ tí mo ti ń ṣe látọdún wọ̀nyí yóò tún wà níbi tó wà. Mo gbé kámẹ́rà mi, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Erékùṣù.

Obìnrin tó ń bójú tó àfihàn náà kéré sí mi lọ́jọ́ orí, ó sì kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Mo gbé kámẹ́rà lé orí tábìlì rẹ̀. Mo sọ fún un pé mi ò fọwọ́ kan pẹ́ńsùlù.

"Kí ló wá dé tẹ́ ẹ fi kọ 'drew', mà?"

"Nítorí pé èmi ni mo yà á."

Ó bú sẹ́rìn-ín tó fi bọ́ awò ojú rẹ̀ sílẹ̀, ó ní láti kékeré lòun ti ń sọ "yà" fún méjèèjì, òun ò sì kíyè sí i rí. Mi ò bínú sí ẹ̀rín tirẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ayafótò tí wọ́n fẹ́ ti pé, ó sì ní láti yọ mí kúrò láàárín àwọn oní-pẹ́ńsùlù. Ó ní kí n tún wá lọ́dún tó ń bọ̀, kí n sì kọ "took".

Mo gbé "took" yẹn relé bí ẹ̀gún inú bàtà. Tí mo bá ní mo yà á, ó dà bíi pé láti ọwọ́ mi ni nǹkan ti wá. Tí mo bá ní mo mú un, ohun kan kúrò lẹ́nu ọ̀nà ẹnì kan nìyẹn. Mi ò sì kan ilẹ̀kùn ẹnì kankan rí. Kí n tó dé Ìyànà Ìbà, mo ti pinnu: n ó wá àwọn tó ni bàtà wọ̀nyẹn kàn lọ́kọ̀ọ̀kan, àwòrán tí olówó rẹ̀ bá sì kọ̀, n ó yọ ọ́ kúrò, ì báà jẹ́ gbogbo mẹ́wẹ̀ẹ̀wá.

Ó gbà mí lóṣù mélòó kan. Ààfáà kan ní Ọ̀jọ́ bẹ̀ mí pé kí n dúró kí òun ra tuntun ná. Ìyá ìjọ kan ní Òkokomáíkò dá bàtà rẹ̀ mọ̀ láàárín ogójì, ó sì bá mi jà nítorí okùn rẹ̀ tó já. Gbogbo wọn ló gbà nígbẹ̀yìn. Ó wá ku ìkeje.

Ìyá kan ló ṣílẹ̀kùn fún mi ní ẹ́sítéètì Ìbà. Ó ti kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ báyìí, òun ló sì ní mo lè sọ ìtàn bàtà náà. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo gbé àwòrán náà lé e lọ́wọ́, mo sì ní kó bá mi bẹ bàbá tó ni bàtà. Ó wò ó títí.

"Ọkọ mi ló ni ín. Ó pé ọdún mẹ́ta tí wọ́n ti kú. Mo máa ń gbé e síta láràárọ̀, kí àwọn tó ń kọjá lè rò pé ọkùnrin wà nínú ilé. Èmi ni mo máa ń yí ọ̀kan padà, kó lè dà bíi pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ ọ."

Èmi tí mo ti ń fi àwòrán yẹn yangàn, ìyá yìí ló ti tò ó kalẹ̀ kí n tó dé. Mo tọrọ àforíjì, mo sì fẹ́ gbà á padà láti yọ ọ́ kúrò. Kò fi í sílẹ̀. Ó bi mí pé kí ni mo kọ sí i. Mo kà á fún un ní Gẹ̀ẹ́sì, mo sì sọ ọ́ ní Yorùbá: ẹni tó ni ín wà nílé, ó ń sinmi.

Ó ń fi àtàǹpàkò ra ẹ̀gbẹ́ àwòrán náà. "Ẹ máa gbé e lọ," ló wí. "Ẹ ṣáà má yí ọ̀rọ̀ yẹn padà." Ó wá ní kí n tún ka ti Gẹ̀ẹ́sì yẹn fún òun.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, mo kọ "I took this picture" nígbà mẹ́wàá, mo sì fi kún un pé mo tọrọ àyè lọ́wọ́ olówó rẹ̀. Wọ́n gbé mẹ́wẹ̀ẹ̀wá kọ́. Ìyá náà bá mi lọ, a sì jọ dúró síwájú ìkeje. Ọkùnrin kan wá bá wa níbẹ̀, ó fi Gẹ̀ẹ́sì bi mí pé ta ni ayàwòrán, mo ní èmi ni. Ó ní ta wá ni ó ni bàtà. Mi ò tíì lanu tí ìyá náà fi dá a lóhùn, bí mo ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́: "The owner is at home, resting."